Onídìrí Tó Dírí fún Ẹṣin Ọba

Ẹnu Ẹfúnṣeyè, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí. Orí àpótí ló jókòó sí, èmi wà nílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń dírí fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi Oyèékànmí wọlé wá, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sílẹ̀, òun ń lọ bá wọn ṣọ́ géètì ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Màmá kò wo ojú rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹni tí kò béèrè irun kó tó gba òòyà, ẹṣin ni yóò dírí fún." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹṣin kì í lọ sóde ijó, kì í ṣe ìyàwó, kí ló fẹ́ fi irun dídì ṣe?

"Màmá, ṣé ẹṣin náà ń dírí ni?"

"Gbé orí rẹ sókè." Ó fi ẹ̀yìn òòyà gbá mi léjìká. "Ẹyọ kan péré ló dírí rí."

Ìtàn ẹyọ kan náà nìyí.

Ní ìlú Òkè-Ìpín láyé àtijọ́, bí a bá ní ọwọ́ kan mọ irun, ọwọ́ Àwẹ̀ró ni. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọlé ọkọ tán, abẹ́ igi ọdán tó wà níwájú ilé rẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Bó bá di ṣùkú, o máa rò pé agbọ̀n ni wọ́n hun sórí ènìyàn. Bó bá di kòlẹ́sẹ̀, ìlà rẹ̀ á gún bí ebè àgbẹ̀ tó mọ oko ro. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni lórí. Sísùn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń sùn. Ìyá Ṣólàbí tó ń dírí ní ìsàlẹ̀ odò ńkọ́? Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ ìyẹn bọ̀, ojú rẹ̀ kì í pa dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá sùn, àwọn ará ilé á máa bá a sọ̀rọ̀, wọn á rò pé ó lajú sílẹ̀ tó ń wo àwọn ni.

Kò sí ẹni tó ń kọjá lábẹ́ igi ọdán náà tí kì í kí Àwẹ̀ró bí a ti ń kí onídìrí: "Ojú gbooro o!" Àwẹ̀ró á sì dáhùn láìgbójú sókè: "Òòyà á yà á o!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó lè dáhùn bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́ta. Kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun ń dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, bí imú ti ń mí.

Lọ́jọ́ kan, ó ń dírí fún Ọláníhùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtèwe, ni ìlàrí dé. Ìlàrí ni àwọn ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, tí wọ́n ń dá apá kejì sí. Kòṣeékọ̀ ni orúkọ èyí, iṣẹ́ tó bá sì jẹ́, kò ṣeé kọ̀ lóòótọ́.

"Àwẹ̀ró, Kábíyèsí Olókè kí ọ. Ìyá Olóòyà, onídìrí ààfin, ti filẹ̀ bora. Ìwọ ni ọba ní kó wá joyè náà."

Àwẹ̀ró gbé òòyà sílẹ̀, ó fẹ́ dìde.

"Má tíì dìde o," Ọláníhùn wí fún un láti ìsàlẹ̀. "Béèrè ọ̀rọ̀ wò ná."

Àwẹ̀ró béèrè. "Ibo ni wọn yóò fi mí sí?"

"Ìyẹ̀wù méjì, ẹní tuntun."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́. Ẹran tí ọdẹ bá gbé wá fún ọba, itan kan jẹ́ tìrẹ."

"Aṣọ?"

"Ẹtù kan lọ́dọọdún."

"Olorì mélòó ló wà láàfin báyìí?"

"Mẹ́rìnlélógún."

Àwẹ̀ró di ojú. Mẹ́rìnlélógún! Kò sí ará ìlú tó rí orí olorì rí, nítorí wọn kì í jáde láìwé gèlè. Ó ń wo irun náà lọ́kàn ara rẹ̀, irun tí oòrùn kò pa, tí ẹrù kò jẹ, tó kún dẹ̀dẹ̀ bí oko ẹ̀gúsí. Ó ti pín in tán: méjìlá á di ṣùkú, méjìlá á di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

"Irun Àríkẹ́ ńkọ́?" Ọláníhùn béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n sọ Àríkẹ́ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ni Àwẹ̀ró ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́, tó ní irun tí yóò dì wọlé ọkọ, ọwọ́ òun ni yóò ti jáde. Ọmọ ti dàgbà, ọkọ ti yọjú. Ọjọ́ kejì ọdún Olókè ni ìyàwó.

"Ṣé ààfin jìnnà ni? Màá yà wá."

Kòṣeékọ̀ wúkọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan, òun náà kò sì sọ nǹkan kan.

Wọ́n mú Àwẹ̀ró dé iwájú ọba, ọba gbé òòyà eyín erin lé e lọ́wọ́. "Láti òní lọ," ni Kábíyèsí wí, "ọwọ́ tó gbé òòyà Olókè kò gbọdọ̀ kan orí ará ìlú mọ́." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní kí adé pẹ́ lórí. Ẹni tó ní orí olorì mẹ́rìnlélógún, kí ló tún fẹ́ fi orí ará ìlú ṣe? Ẹ̀yìn ìgbà tó jáde síta ló rántí Àríkẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àdín àti òwú, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn olorì lọ. Olorì àgbà, Adéríyìkẹ́, fi ọ̀yàyà pàdé rẹ̀, ó sì tú gèlè.

Orí náà ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun.

Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn yòókù ti ń tú gèlè tiwọn láti bọ̀wọ̀ fún un. Orí mẹ́rìnlélógún, kò sí irun tó tó èyí tí eéṣinṣin lè fẹsẹ̀ kọ́.

"Yèyé," ó ní, "kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe wá ní nǹkan kan. Olorì Òkè-Ìpín kì í dá irun sí. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni wọ́n ń fá a."

"Èmi ni mo ń fá a?"

"Rárá o! Onígbàjámọ̀ ló ń fá a. Oyè tirẹ̀ yàtọ̀."

"Kí wá ni iṣẹ́ tèmi?"

"Lọ́jọ́ ọdún, ìwọ ni yóò gbé òòyà ṣáájú ẹṣin ọba."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Wàá gbé e padà wọlé." Olorì àgbà rí i pé kò yé e. "Olókè àkọ́kọ́ fẹ́ràn irun, ó fi onídìrí joyè. Èyí tó jẹ tẹ̀lé e kò fẹ́ràn irun, ó ní kí wọ́n máa fá a. Ó fagi lé irun, kò rántí fagi lé oyè."

Bí Àwẹ̀ró ṣe di ẹni tó ń jẹ iyán láàárọ̀, tó ń jẹ iyán lálẹ́, nìyẹn. Itan ẹran kò yẹ̀. Ẹtù dé. Oṣù mẹ́ta, ìgbànú kò tó ìdí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Ó di ìgbálẹ̀ ìyẹ̀wù rẹ̀ ní pàtẹ́wọ́. Ó di etí ẹní rẹ̀ yíká. Ó rí àgbàdo tí wọ́n kó wá láti oko, ó di irùngbọ̀n àgbàdo títí alásè fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Kòṣeékọ̀ bá wá jíṣẹ́ fún un, apá orí tí wọ́n dá irun sí ló máa ń wò.

"Ìyá Olóòyà, ojú rẹ kò sí lójú mi o."

"Ẹ má bínú, Baba. Ó ń wù mí ni. Bó bá ṣe ẹsẹ̀ méjì péré..."

Kòṣeékọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Oògùn wà nínú rẹ̀! Ọwọ́ tó bá kàn án á rọ!"

Àwẹ̀ró fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀hún sì ti fẹ́ rọ, kò tíì kan nǹkan kan.

Èyí tó dùn ún jù lọ ni ìkíni. "Ẹ kú oyè o, Ìyá Olóòyà," ni wọ́n ń kí i káàkiri ààfin. Ẹnì kan kò kí i ní "Ojú gbooro" mọ́. Nígbà mìíràn á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á rọra kí ara rẹ̀, á tún dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọdún pé nígbà tí Ọláníhùn wá a wá. Àwẹ̀ró sọ èèwọ̀ ọwọ́ náà fún un. Ọláníhùn ká ọwọ́ lérí.

"Ṣé Ìyá Ṣólàbí ni kí ọmọ mi lọ bá? Kó wọlé ọkọ bí ẹni tó rí ẹkùn? Ó ti ránṣẹ́ pé òun ti ń tọ́jú òwú o!"

"Ọ̀rẹ́ mi, dákẹ́."

"N kò dákẹ́. O béèrè iyán, o béèrè ẹtù. O kò béèrè irun!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró lákínyẹmí ara. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Olorì àgbà, ó ní òun fẹ́ lọ sílé.

"Oyè kì í ṣe igbá ẹ̀kọ tí a ń sọ̀," ni ìyẹn wí. "Àfi bí ọba fúnra rẹ̀ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Ọjọ́ ọdún pé. Ní òwúrọ̀, Àwẹ̀ró gbé òòyà eyín erin, ó lọ dúró ní ẹ̀bá ibùso ẹṣin níbi tí ìwọ́de yóò ti bẹ̀rẹ̀. Baba olùtọ́jú ẹṣin ti fi ọṣẹ fọ ẹṣin funfun náà, òun alára ti lọ wẹ̀. Gọ́gọ̀ ẹṣin náà tò sílẹ̀ ní ọrùn, ìrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀.

Kò ní i lọ́kàn láti ṣe é. Koríko kan ló rí nínú gọ́gọ̀ náà, ó ní kí òun yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó ní kí òun ya ibẹ̀ sí méjì, bóyá òmíràn wà nísàlẹ̀. Kò sí. Ìka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin náà tẹ orí ba, ó di ojú, ó sùn, bí gbogbo oníbàárà Àwẹ̀ró ti máa ń ṣe. Nígbà tí fèrè dún, ọrùn ẹṣin ti di kòlẹ́sẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ti di ṣùkú, ó dúró gangan lókè ìdí bí adé.

Olùtọ́jú ẹṣin dé, ó la ẹnu, kò lè pa á dé. Àsìkò kò sí mọ́, ọba ti ń jáde bọ̀. Èèwọ̀ ìlú náà sì ni pé láti ìgbà tí Olókè bá ti fẹsẹ̀ kan ìta títí yóò fi dé ọjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ọba lójú, àwọn ìlàrí dojú bolẹ̀. Ọba gun ẹṣin. Ìwọ́de gbéra.

Àwẹ̀ró wà níwájú, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀nà pa rọ́rọ́. Àwọn ènìyàn wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, èjìká wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń bu ètè jẹ. Wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹ̀bá igi ọdán kan báyìí, níbi tí ìyá arúgbó kan jókòó sí. Ojú ìyá náà ti ṣú díẹ̀. Kò rí ọba, kò rí ẹṣin. Irun tí wọ́n dì dáadáa ló rí tó ń kọjá.

"Ojú gbooro o!" ni ìyá arúgbó kí.

"Òòyà á yà á o!" ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran bí iná ọyẹ́. Àwọn olorì tó tẹ̀lé ìwọ́de ń di gèlè mú kí ó má baà já bọ́. Ẹṣin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ju ṣùkú rẹ̀ sí ọ̀tún, ó jù ú sí òsì.

Ọba sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìlẹ̀kẹ̀ lójú, ó rìn yí ẹṣin rẹ̀ ká.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ọwọ́ mi ni."

"Kí ni ẹṣin mi fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Kábíyèsí. Òun nìkan ló ní irun ní ààfin."

Ọba fọwọ́ bo irùngbọ̀n ara rẹ̀. "Ẹ gba òòyà lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ gba oyè náà! Kó kúrò lọ́dọ̀ mi kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibí yìí!"

"Kí adé pẹ́ lórí," Àwẹ̀ró wí, kò sì tíì sọ ọ́ tọkàntọkàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi òòyà eyín erin lé Kòṣeékọ̀ lọ́wọ́. Ó tú ẹtù, ó ká a, ó fi lé òòyà náà lórí; aṣọ àtijọ́ rẹ̀ ló wọ̀ sábẹ́. Ó fa òòyà onígi rẹ̀ yọ nínú ìgbànú.

Olorì àgbà mi orí, ó nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí kò béèrè irun kó tó gba òòyà, ẹṣin ni yóò dírí fún!" Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹnì kejì, títí ó fi dé etí Màmá, àti etí Oyèékànmí tí kò gbà á.

Àwẹ̀ró ti ń lọ. Ọ̀nà ilé Ọláníhùn ló kọjú sí, nítorí ìyàwó kù ọ̀la, Ìyá Ṣólàbí sì ti tọ́jú òwú. Lẹ́yìn rẹ̀, baba olùtọ́jú ẹṣin ń fa ṣùkú, ṣùkú kò tú. Ẹṣin ń ta ìpá.

"Ìyá Olóòyà!" Kòṣeékọ̀ pariwo. "Ìyá Olóòyà o! Wá bá wa tú u kí o tó lọ!"

Ìyá Olóòyà ni wọ́n ń pè. Àwẹ̀ró kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yà sí ọ̀nà ilé Ọláníhùn, òòyà onígi lọ́wọ́ rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.