Ìjẹ́wọ́ Inú Ìwé Ẹ́ńjìnnì

Ará, ẹni tó jìn sí kòtò ní í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àfi bó bá tijú tí kò pariwo.

Bààlúù àtijọ́ kan wà tí ìjọ kan fi ń gbé oògùn lọ sí abúlé etí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá Gbùyì, mẹkáníìkì ìjọ náà, tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló yọ èéfín ṣùù. Àwọn alàgbà ní bó bá tún yọ ọ́, àwọn yóò tà á fún àwọn tó ń ra àjákù irin.

Ìbídùn, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá ṣí ìwé tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kọ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo bàbá tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sínú ìwé ẹ́ńjìnnì! Ó ní: 'Èmi ni mo dojú ríǹgì písítìn délẹ̀, tí ọ́ìlì fi ń jó, tó ń di èéfín. Ìwọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ojú tó ní àmì ni kó wà lókè.'"

Ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì náà wò. Òun náà ti dojú àwọn òrùka irin ara písítìn náà délẹ̀. Wọ́n tún un tò, ẹ́ńjìnnì dún, èéfín kankan kò yọ. Ìbídùn mú kálámù, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé náà.

"Ògo ni f'Ólúwa! Àmọ́ Ìbídùn, má kọ orúkọ mi síwèé o."

"Ká ní bàbá yẹn náà tijú ńkọ́, ọ̀gá?"

Ọ̀gá na ọwọ́. Ó gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: "Èmi Gbùyì náà ṣe é."