Ọkọ́ Láṣebìkan Lójú Ogun

Kí lèmi mọ̀ nípa ogun, èmi tí eku ilé pàápàá ò bẹ̀rù? Mo ṣáà gbọ́ pé lọ́jọ́ tí Balógun pín ohun ìjà, Ògúngbèmí gba ìbọn gígùn, ọkọ́ ló kan Láṣebìkan.

Ògúngbèmí rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé iṣu lo fẹ́ gbìn fún ọ̀tá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan ò wọjà."

Ẹ̀fẹ̀ Ògúngbèmí dun Láṣebìkan wọra, ṣùgbọ́n òun àtàwọn ọlọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ yàrà yí ibùdó ká títí ọwọ́ wọn fi bó. Lọ́jọ́ kẹrin, tí àwọn oníbọn jáde lọ ko ọ̀tá lójú, òjò rẹ ẹ̀tù, ìbọn yadi, ọ̀tá sì yọ idà sí wọn. Ògúngbèmí ló kọ́kọ́ sá padà gba orí pákó tí àwọn ọlọ́kọ́ fi ṣe afárá kọjá yàrà. Nígbà tí gbogbo wọn kọjá tán, Láṣebìkan fa pákó, ọ̀tá dúró sódìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá gbin iṣu náà báyìí?"

Nínú àwọn méjèèjì, ta ni Balógun fún ní ohun ìjà?