Ẹfúnyẹmí tó kọ̀ láti kúnlẹ̀ fún amọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣẹ̀sín kí n tó sọ ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ fi agbára han àwọn ìyàwó ilé wa lọ́jọ́ kan. Mo dorí kodò, mo na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, mo fa odó sókè. Ẹ̀yìn mi dún kàù. Ibòmíràn náà dún tẹ̀ lé e! Àwọn ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rín, ṣùgbọ́n mi ò lè nàró. Bàbá awo tó wá fi àdí ra ẹ̀yìn mi ló sọ ìtàn yìí fún mi. Odù tó bí i, òun ló mọ̀ ọ́n pè. Èmi ò ní purọ́ mọ́ Ifá.

Ó ní Amọ̀-kì-í-rìn-wálé, awo etí odò, ló dífá fún Ẹfúnyẹmí amọ̀kòkò, lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wá ọmọ títí kó tó lóyún. Kò sí ohun tí Ẹfúnyẹmí ń fẹ́ láyé ju kó pọn ọmọ-ọmọ yẹn lọ.

Wọ́n ní ire ọmọ ń bọ̀ nílé rẹ̀. Wọ́n ní kó rú ẹyẹlé, ẹ̀kọ, àti aṣọ tó fi ń di ẹrù. Wọ́n ní kó má dorí kodò gbé ẹrù mọ́. Kó kúnlẹ̀ tì í, kó gbá a mọ́ àyà, kó jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò gbé e dìde, kí ẹ̀yìn wà ní títọ́. Tó bá fẹ́ yà, ẹsẹ̀ ni kó fi yà, kó má lọ́ ìbàdí. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, kó pe ènìyàn.

Ẹfúnyẹmí rú ẹyẹlé. Ó rú ẹ̀kọ. Ó rú aṣọ. Èyí tí kò ná an ní nǹkan kan ló kọ̀.

Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ pé, "Kí èmi kúnlẹ̀ fún amọ̀? Ìyá ọkọ mi ni mo ń kúnlẹ̀ kí. Ṣé amọ̀ ló gbé mi níyàwó ni?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kò gbé ọ níyàwó, àmọ́ ó lè dá ọ dùbúlẹ̀!"

Ó dorí kodò sí agbọ̀n amọ̀ tútù. Ó fà á sókè, ó sì lọ́ ìbàdí. Ẹ̀yìn mú un. Bí ìtì igi ni wọ́n ṣe gbé e wálé.

Orí ẹní ló wà nígbà tí ìrọbí mú Ìbídùn. Agbẹ̀bí ní, "Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Di òpó mú." Ìbídùn kúnlẹ̀. Ọmọ ké.

Agbẹ̀bí ní, "Ìyá àgbà, ẹ gba ọmọ yín o!"

Ẹfúnyẹmí na ọwọ́. Ọwọ́ kò dé ibẹ̀. Aládùúgbò ló gba ọmọ.

Ó sunkún. Ó ní, "Ẹrù tó wúwo jù láyé, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ̀ ọ́. Amọ̀ lásán ni èmi ń gbéraga sí."

Nígbà tí ara rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó padà síbi amọ̀. Ó pín agbọ̀n kan sí méjì. Ó kúnlẹ̀ tì í.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo: "Ìyàwó amọ̀, ẹ kú ìkíni o!"

Ó ní, "Ẹ yé pariwo, ẹ wá bá mi gbé e rù. Ọkọ mi wúwo!"

Nílé, ó gbé ìkòkò tó ń mọ sórí àpótí gíga, kó má bàa tẹ ẹ̀yìn láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀yìn gbà. Ó pọn ọmọ. Ó jó, jẹ́jẹ́ ló jó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awo. Awo ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà ń dúpẹ́, torí ẹ̀yìn tí mo fẹ́ fi yangàn dànù ṣì ń gbé mi lọ odò.

Ohun tí à ń gbé kalẹ̀, ìdajì ẹbọ ni. Ìmọ̀ràn tí à ń gbà ni ìdajì yòókù, òun ló sì ń mú ire dúró.

Oòrùn ń wọ̀, Ẹfúnyẹmí ṣì ń rìn káàkiri agbo ilé, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìbídùn ń tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ di ọmú mú.

"Ìyá mi, láti òwúrọ̀ lẹ ti pọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, èmi mà ni mo bí i. Ìgbà wo lẹ máa sọ̀ ọ́ fún mi?"