Àmín Ọ̀gá Èbúté
Ọ̀gá èbúté sọ fún Fadérera, ọmọbìnrin tó ń mú àwọn èrò ọkọ̀ òkun rìn yíká ìlú, pé: "Lé arúgbó tó ń yan ẹja létí omi yẹn kúrò kí àwọn òyìnbó tó sọ̀kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi katapílà wó ahéré rẹ̀." Ìyá náà kò sì nílé mìíràn láyé. Fadérera dáhùn pé: "Ó yé mi, sà." Nígbà tí àwọn àlejò sọ̀kalẹ̀, tí ọ̀gá tẹ̀ lé wọn, iwájú ahéré yẹn ni Fadérera kọ́kọ́ kó wọn lọ. "Nílùú wa, àlejò kì í wọ ìgboro láìkí àgbà. Ọ̀gá wa yóò fi hàn yín bí a ṣe ń ṣe é." Gbogbo wọn gbé kámẹ́rà sókè. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kóòtù funfun. Ìyá nu eérú ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbé ọwọ́ náà lé ọ̀gá lórí: "Ọkọ mi, o ṣé tó o rántí mi. Ilé rẹ kò ní wó. Wọn ò ní lé ọ níbi tó o tẹ́ ẹní rẹ sí." Fadérera túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò, ó wá rọra ní: "Ẹ ṣe àmín, sà." Ọ̀gá ṣe é lójú gbogbo wọn. Ta ni yóò ṣe irú àmín bẹ́ẹ̀ tán, tí yóò tún wó ilé ẹni tó súre fún un?