Ọ̀gà Inú Àgò Ọ̀bọ

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rọra tẹlẹ̀, ó bà lé Ọ̀gà tó ń pàwọ̀ dà. Ọ̀bọ sé e mọ́nú àgò, ó ń fọ́nnu pé òun ti di ọ̀gá Ọ̀gà. Ẹ máa gbè é, ẹ̀yin ọmọ.

Ọ̀bọ gbé òkú tata wá. Ọ̀gà kọrin:
"N ò jẹ òkú o!"
"Ọ̀gà ni!"

Ọ̀bọ sáré mú ààyè wá, ó bomi sígbá.
"N ò mumi igbá o!"
"Ọ̀gà ni!"

Ọ̀bọ wọ́n omi sórí ewé bí ìrì, ó tẹ́ní.
"N ò sùn nílẹ̀ o!"
"Ọ̀gà ni!"

Ọ̀bọ gbin igi sínú àgò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá a níbi tó ti ń làágùn: "Ọ̀gà rẹ nìyẹn?"

Àárẹ̀ jẹ́ kí Ọ̀bọ ṣì í pè: "Ọ̀gá mi ni."

Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi gùn tó ti Ọ̀gà. Ẹ gbè é!

"Ọ̀gá ni!"