Ọwọ́ Òsì Ìbídàpọ̀

Láti kékeré ni Ìbídàpọ̀ Akínwándé ti ń fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí, ọwọ́ òsì yìí kan náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Ìbàdàn. Díjéè ni. Ní kílọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Àjà, ní àdúgbò Mọ́kọ́lá, òun ló ń da orin pọ̀ fún àwọn oníjó. Orin ẹ̀rọ ni orin náà, èyí tí ayé ń pè ní tẹ́kínò. Kò sí akọrin níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìlù ẹ̀rọ ṣá ló ń dún kì-kì-kì bí àyà ẹni tó sáré délé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ariwo lásán ni. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ yóò kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun ti ń jó láìgbàṣẹ.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ díjéè ni kí èèyàn gbé orin sílẹ̀ kó sì jókòó. Àwo orin méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá ń dún fún gbogbo ilé, èkejì ń dún fún díjéè nìkan nínú ẹ̀rọ tó gbé sétí. Yóò máa fà á, yóò máa tì í, títí ìlù méjèèjì yóò fi rìn pọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo, kó tó wá ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Ní Òkè Àjà, wọn kì í fẹ́ kí orin kan pẹ́ jù. Ìbídàpọ̀ yóò gé eléyìí, yóò ju tọ̀hún wọlé, yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì kí àwọn èèyàn lè pariwo, yóò sì tún tú u sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ, èyí tí kì í ṣe tuntun nílùú wa, kì í jẹ́ kí ijó kú. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo ilé yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì máa fi àtẹ́wọ́ jó títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. Ohun àmúyangàn ni, ẹni tó bá sì rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Bàbá rẹ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń ta ìwé ọmọ ilé-ìwé, kò rí nǹkan àmúyangàn kankan níbẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì náà títí nígbà tí Ìbídàpọ̀ wà lọ́mọdé, ọwọ́ kò gbọ́.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni ó máa ń sọ. "Ìwọ wá ń fi tìrẹ wá oúnjẹ òòjọ́."

Ní ọdún kan, Bùsúyì Láńlẹ́yìn wá sílé wá kí ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ṣùgbọ́n Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ló ti ń ṣe díjéè láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, wọ́n sì ń wárí fún un níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan mú un wá sí Òkè Àjà. Bùsúyì fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ọwọ́ gbera, kò sì gbójú kúrò lára ọwọ́ òsì Ìbídàpọ̀ títí ó fi parí.

"O kú iṣẹ́ o, àbúrò," ni ó sọ. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ń gé orin bí ẹni ń gé ilá?"

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n," ni Ìbídàpọ̀ fèsì. "Ṣé ilá tí wọn ò gé máa ń yọ̀ ni?"

Bùsúyì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Kó tó padà, ó ní òun fẹ́ kí Ìbídàpọ̀ wá bá òun ṣeré ní Berlin, kí àwọn méjèèjì jọ dúró nídìí àwo kan náà. Ìbídàpọ̀ gbọ́, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. "Máa lọ. Bí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lọ́hùn-ún, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìtìjú wálé, ó parí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìwé yìí ni wàá jókòó sí. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, sà," ni Ìbídàpọ̀ wí. Ó mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ pẹ̀lú awò ojú lọ́wọ́, kì í yẹ̀ ẹ́.

Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì àtijọ́ ni kílọ́ọ̀bù tí Bùsúyì ti ń ṣeré ní Berlin. Àwọn èèyàn ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ ijó ní Sátidé, wọn kì í sì í ṣíwọ́ títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn ará ilé wa bá ń kọrin ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́nu ọ̀nà, wọn a lẹ bébà mọ́ ojú fóònù oníkálùkù kí ẹnikẹ́ni má baà ya àwòrán. Díjéè kì í gbé máìkì. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wò ó pàápàá. Ìbídàpọ̀ kọ́kọ́ rò pé inú ló ń bí wọn.

Nígbà tí Bùsúyì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìbídàpọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀. Orin kan ń lọ, ó ń lọ, ó sì wá hàn lójijì pé orin mìíràn ni gbogbo ilé ti ń jó. Ó wá ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú rírán lára aṣọ, kò rí i. Ó tún ṣọ́ èyí tó tẹ̀lé e, kò tún rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tí òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun ṣe, ẹlòmíràn ló ń ṣe é báyìí lọ́nà tí òun kò lálàá rẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ yí i padà?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Sùúrù ni gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn ibí ò wá kí n bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wá kí orin gbé wọn lọ ni. Bí mo bá dá a dúró, mo jí wọn lójú oorun nìyẹn."

"Nílé, bí mi ò bá dá a dúró, wọ́n á ní èmi gan-an ni mo ti sùn."

Bùsúyì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ìka sókè. "Lọ́la, má dá a dúró o. Ìwọ mú àwo apá òsì, èmi á mú ti apá ọ̀tún. Ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ti ń gba ojú fèrèsé òkè wọlé, àwọn méjèèjì dúró nídìí àwo. Ìbídàpọ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò gé, kò já, kò dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìṣe oníṣe ni, bàtà àyálò kì í sì í jẹ́ kí èèyàn rìn dáadáa. Ẹ̀rù ti mú kí ìka rẹ̀ le, orin rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Àwọn oníjó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lọ sí àgbàlá lọ yá oòrùn. Ìbídàpọ̀ ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó rí ṣọ́ọ̀bù ìwé bàbá rẹ̀ kedere, ó tilẹ̀ rí àga tí yóò jókòó sí.

Lẹ́yìn náà ni ohùn gé. Fíúsì kan ló jó nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sínú àwọn sípíkà. Àwo méjèèjì ṣì ń yí, orin ṣì ń dún nínú ẹ̀rọ etí àwọn díjéè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Òṣìṣẹ́ kan sáré lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Bùsúyì dúró, ọwọ́ rẹ̀ há sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí ní gbogbo ọdún tó ti lò ní Berlin. Àwọn oníjó ń wo ara wọn, àwọn kan sì ti ń wá kóòtù wọn.

Ìbídàpọ̀ kò ronú. Ohun kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ mọ̀ ni pé wọ́n ti mú iná lọ, ohun tí a sì ń ṣe bí wọ́n bá mú iná lọ kò ṣàjèjì sí i. Ó gun orí àpótí kan, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì fi lu àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún: pa! pa! pa! pa! Ìyá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú ló kọ́kọ́ gbè é. Àwọn tó wà nítòsí tẹ̀ lé e, nígbà tó sì yá, kò sí ẹni tó dákẹ́ mọ́. Àwọn tó wà ní àgbàlá gbọ́ ọ, wọ́n rọ́ wọlé padà. Wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀, àtẹ́wọ́ kò sì béèrè ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí inú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ bá ti ń dùn, wọn a máa sáré sí i. Ní Òkè Àjà, bí jẹnẹrétọ̀ bá dìde, orin àti àtẹ́wọ́ a kọlu ara wọn, gbogbo ilé a sì fi ẹ̀rín tú ká kí ijó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìbídàpọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ mọ. Ó bojú wẹ̀yìn wo Bùsúyì.

Nígbà náà ni Bùsúyì jí. Ó fi ẹ̀rọ bo etí kan, ó ṣí etí kejì sílẹ̀ fún àtẹ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àwo tó wà lápá ọ̀tún. Bí wọ́n ti ń sáré, ó ń mú àwo náà sáré tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá dẹwọ́, òun náà a dẹwọ́.

"Bá mi dì wọ́n mú, àbúrò!"

"Mo ti dì wọ́n mú, ẹ̀gbọ́n! Ẹ máa bọ̀!"

Òṣìṣẹ́ ọ̀hún na ọwọ́ sókè pé fíúsì tuntun ti wọlé. Bùsúyì kò ṣí ohùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró, ó ń mi orí, ó ń dúró, ó wá ṣí i. Ìlù ńlá náà bọ́ sórí àtẹ́wọ́ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni wọ́n ti jọ wà. Igbe tó sọ níbẹ̀ kọjá ohun tí mo lè fi ẹnu sọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù kò ba Ìbídàpọ̀ mọ́. Ọwọ́ òsì tirẹ̀ ń gé, ọwọ́ ọ̀tún Bùsúyì ń so, oúnjẹ méjì sì di ọ̀kan nínú abọ́. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn èèyàn tí kì í wo ojú díjéè wá síwájú rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n sì tẹríba.

Ìbídàpọ̀ délé. Ìyá rẹ̀ ti ro ẹ̀bà sílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Bàbá rẹ̀ wà nídìí oúnjẹ.

"Àwòrán dà?" ni bàbá bi í.

"Kò sí, sà. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yà á níbẹ̀."

"Hẹn-ẹ́n." Bàbá bu òkèlè. Ìbídàpọ̀ dorí kodò, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìwé.

Fóònù rẹ̀ dún. Bùsúyì ni, ó ní òun fẹ́ kí bàbá. Ìyá Ìbídàpọ̀ gbé fóònù sétí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́." Ó wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́, títí kan bí òun alára ṣe dúró bí ère.

"Ọwọ́ wo ló fi ṣe é?" ni bàbá béèrè.

"Òsì ni, sà. Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ìtìjú ni ì bá jẹ́. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan náà ni, ì bá má gún."

Bàbá padà sídìí òkèlè rẹ̀. Ó jẹun tán, ó fa abọ́ omi mọ́ra. Ilá ti yọ̀ mọ́ gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ki ọwọ́ náà nìkan bọ omi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ilá kò lọ. Láìrò ó, ọwọ́ òsì bọ́ sínú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀tún. Bàbá dáwọ́ dúró. Ó ń wo ọwọ́ méjèèjì nínú omi.

"Ìbídàpọ̀."

"Sà."

"Ọ̀tún nìkan ló jẹun. Òsì yìí ò kan ilá rárá." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ta ló wá ń wẹ ta yìí?"

Ìbídàpọ̀ na aṣọ ìnuwọ́ sí i. Bàbá nu ọwọ́ méjèèjì gbẹ.

"Sátidé tó ń bọ̀, màá bá ọ lọ sí Òkè Àjà yẹn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọwọ́ náà."

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ tẹ̀ lé e ti wà láyé kí wọ́n tó ṣe iná mànàmáná. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè ní Mọ́kọ́lá, ẹnu bàbá Ìbídàpọ̀, nídìí abọ́ omi ilá, ni wọn yóò ní àwọn ti gbọ́ ọ, òun sì ni gbogbo àgbà ibẹ̀ fi ń pòwe títí dòní pé: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.