Àwẹ̀ró àti Kànga Tí Ojú Pọ̀ Lórí Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já wìì, kò já lé ọba lórí, kò já lé ìjòyè lórí, ó dá lórí Àwẹ̀ró, òkété obìnrin tó mọ ilẹ̀ gbẹ́ ju gbogbo ẹranko lọ. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Orin inú rẹ̀ kò le. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ máa gbè é pé, "Kànga jìn-ìn-jìn."

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Odò gbẹ. Àbàtà gbẹ. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ di ẹrù wọn, wọ́n ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá tó bá fẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀, yóò lá a ni. Ẹfọ̀n, tó jẹ́ ọba ìlú náà, pe gbogbo ẹranko jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n gbẹ́ kànga. Ilé kọ̀ọ̀kan mú iṣu márùn-ún wá. Ó pé igba iṣu, wọ́n kó o sínú àká kan létí ibi iṣẹ́. Iṣu yìí ni ẹni tó ń gbẹ́ kànga yóò máa jẹ títí omi yóò fi jáde. Ọba wá fi Àwẹ̀ró ṣe olórí iṣẹ́ kànga. Òun ni olórí, òun náà sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Opó ni Àwẹ̀ró, ó sì bí ọmọ márùn-ún. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, Àyọ̀ká, kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ, òǹgbẹ sì ti bó o létè. Nítorí náà Àwẹ̀ró kò fi iṣẹ́ ṣeré. Hàrà-hàrà-hàrà, ó ń ha ilẹ̀. Gbì, gbì, gbì, ó ń da iyẹ̀pẹ̀ síta. Nígbà tó fi di ọjọ́ keje, kànga ti jìn tó ọ̀pẹ kan.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ìnàkí, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, dìde ní ààfin. Ó ní àwọn gbọ́ pé Àwẹ̀ró ń jẹ iṣu méjì lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan ló ní. Ó ní ìgbìmọ̀ fẹ́ lọ wo inú àká. Ọba ní kò kan ìgbìmọ̀. Òun lòun dá iṣẹ́ kànga sílẹ̀, ojú òun nìkan ló sì tọ́ kó wò ó.

Ìnàkí ní, "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. Ẹ̀yin lẹ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko wa ni iṣu ti wá. Ẹni tó ni iṣu ló ni ojú."

Ọba ní, "Ẹni tó ni adé ló ni ojú."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé kí wọ́n bi Àwẹ̀ró léèrè ẹni tó ń jẹ iṣu kejì. Àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún ló ń pín in jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba rán Ògòǹgò lọ bẹ kànga wò, nítorí ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ yóò dé ìsàlẹ̀. Ògòǹgò ní ojú tí ebi ń pa kì í ríran. Ó wọ inú àká, ó jẹ ogún iṣu. Ó wá na ọrùn sínú kànga, fìrìrì, ó wò ó títí.

Ó ní, "Ó jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀. Báwo ni n ó ṣe jẹ́rìí fún ọba pé ìwọ lo gbẹ́ ẹ? Dí i, kí o tún un gbẹ́ lójú mi."

Àwẹ̀ró rò pé ó ń ṣàwàdà. Ògòǹgò kò rẹ́rìn-ín. Iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò, wọ̀ọ̀ọ̀, kànga kún dé ẹnu. Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì ń kọrin báyìí pé:

Mo gbẹ́ ẹ, wọ́n dí i o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*
Ọba lóun ò rí i o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*
Ìgbìmọ̀ láwọn ò rí i o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*
Òǹgbẹ nìkan ló rí wa o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*

Ọjọ́ méje mìíràn, kànga tún jìn tó ọ̀pẹ kan. Ògòǹgò lọ sọ fún ọba pé òun ti rí i. Inú ọba dùn. Ṣùgbọ́n Ìnàkí ní ojú ọba ló rí i, kí ni ojú ti ìgbìmọ̀ rí? Wọ́n wá rán Òwìwí, nítorí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ tóbi tó tirẹ̀ ní ìlú. Pé Òwìwí kì í ríran lọ́sàn-án, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Òwìwí wọ inú àká, ó jẹ ogójì iṣu, ogún fún ojú ọ̀tún, ogún fún ojú òsì. Ó jáde ní ọ̀sán gangan, ó kọjú sí igi ìrókò kan, ó ní òun kò rí kànga kankan. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ó ní ohun tó bá wà lẹ́yìn òun, òun kò lè jẹ́rìí sí i. Kí wọ́n dí i, kí wọ́n tún un gbẹ́ lójú ìgbìmọ̀.

Wọ̀ọ̀ọ̀, kànga kún. Àwẹ̀ró tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Mo gbẹ́ ẹ, wọ́n dí i o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*
Òǹgbẹ nìkan ló rí wa o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*

Ìjà wá gbóná ní ààfin. Ọba ní ìgbìmọ̀ ló jẹ iṣu ìlú run. Ìgbìmọ̀ ní Ògòǹgò ọba ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Níkẹyìn wọ́n gbà pé kí Agẹmọ lọ, nítorí ojú rẹ̀ kan lè máa wo ọ̀tún kí èkejì máa wo òsì: ojú kan ti ọba, ojú kan ti ìgbìmọ̀. Agẹmọ gbéra. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò mì síwá, yóò mì sẹ́yìn, yóò ronú. Láti ààfin, wọ́n lè gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lẹ́bàá kànga, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Agẹmọ fi rìn ín. Nígbà tó dé, ó jẹ gbogbo iṣu tó kù. Kò ga ju àtàǹpàkò mi yìí lọ. Ẹ má bi mí ní ibi tó kó o sí.

Ní ọjọ́ tó dé yìí, Àwẹ̀ró ti gbẹ́ kọjá ọ̀pẹ kan. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó bu ẹrẹ̀ díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mọ̀ pé omi kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n lókè, lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu kànga, Àyọ̀ká tó ti ń ké láti àárọ̀ ti dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló já ìyá rẹ̀ láyà ju igbe lọ.

Agẹmọ yọjú. Ó ní, "Ojú ọba ti rí i. Ojú ìgbìmọ̀ ń wo ẹ̀yìn, kò rí i. Dí i."

Àwẹ̀ró jókòó sínú ẹrẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní, "Ẹ máa dí i. Ṣùgbọ́n n kò jáde mọ́. Ẹ dí i mọ́ mi lórí."

Agẹmọ kò gba àṣẹ fún irú èyí. Ó ránṣẹ́ sí ààfin. Ọba sáré wá, Ìnàkí sáré wá, gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn. Ọba bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, Ìnàkí náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n dúró sí ẹnu kànga, wọ́n ń wo ara wọn. Ọba tí kì í fi "ẹ" bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ wá ní, "Olóyè, ẹ̀yin lẹ ni iṣu. Ẹ̀yin ló tọ́ kí ẹ kọ́kọ́ dà á."

Ìnàkí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ni adé. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ṣáájú yín?"

Ọba ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́ láti ìjẹta. Ìnàkí ní láti kékeré ni tòun ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n ti ń fi ipò ọlá ta ara wọn lọ́rẹ lọ́wọ́ báyìí, ìsàlẹ̀ kò dákẹ́. Hàrà-hàrà-hàrà. Orin ń bọ̀ láti inú ilẹ̀, gbogbo ìlú sì ń gbè é:

Òǹgbẹ nìkan ló rí wa o,
*Kànga jìn-ìn-jìn.*

Ṣọ̀ọ̀ọ̀! Omi ya. Ó mu Àwẹ̀ró dé orúnkún, ó mu ún dé ọrùn, ó sì gbé e léfòó títí dé ẹnu kànga. Àwẹ̀ró kò kí ọba, kò kí ìjòyè. Ó gbá Àyọ̀ká mọ́ra, ó fún omi irun ara rẹ̀ sí i lẹ́nu, kán, kán, kán. Ọmọ náà lá a. Ó sín. Ó wá bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ náà sì bú sẹ́kún.

Ọba ní ojú òun ló pe omi jáde. Ìnàkí ní ojú ìgbìmọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, omi ló kún ẹnu gbogbo ìlú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n wó ògiri àká, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ lè máa rí ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ wá bẹ iṣẹ́ wò, kó jẹun nílé rẹ̀ kó tó wá. Láti ọdún náà, àwọn tó fẹ́ bẹ iṣẹ́ wò dín kù púpọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ó dára kí a bi ẹni tí ohun ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè. Ó dára kí ọba ṣọ́ iṣẹ́, ó sì dára kí ìgbìmọ̀ ṣọ́ ọba. Ṣùgbọ́n alábòójútó tó ń jẹ ju òṣìṣẹ́ lọ, tó tún ń dí kànga kí ojú rẹ̀ lè rí i, ọ̀tá omi ni.

Ibẹ̀ ni mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí ahọ́n mi gbẹ. Bí n kò bá purọ́, kí ẹnìkan nínú yín bu omi fún mi mu.